Ìpín Ajá Nínú Ìtàn Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Fúnni Níyọ̀ǹda Láti Wa Ilẹ̀ Ìtàn

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti àwọn ibi ìrántí, àti ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ní àwọn yunifásítì wa,

Láti ọdún 1979 tí òfin ti gbé Àjọ yín kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wa ilẹ̀ ìtàn lórílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda. Ìwé ìyọ̀ǹda yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun kan kún un: kí ẹnikẹ́ni tó bá máa wa ààtàn, ojúbọ tàbí ahoro ìlú kọ́kọ́ sọ fún wa, nínú ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ajá àti àwọn ẹranko mìíràn tó ń jẹ àjẹkù ti ṣe sí egungun tó hú jáde, kó tó sọ ohun tí àwọn èèyàn ìgbà náà jẹ, ẹran tí wọ́n sìn àti ohun tí wọ́n fi rúbọ.

Ó lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíì. Egungun tí ajá ti jẹ, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa oúnjẹ àwọn tó ti gbé ilẹ̀ yìí rí, nípa ẹran ọ̀sìn wọn àti ọdẹ tí wọ́n ṣe, ara egungun la ti rí i. Bí ajá bá ti jẹ ìdajì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó bo ìyókù, tí a kò sì fura, ìyókù yẹn la máa fi pìtàn bíi pé òun ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ látilẹ̀wá.

Ẹ mú egungun apá àgbò Iléyá kan tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, tí wọ́n sọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní orí méjì. Orí tòkè, tó so mọ́ èjìká, tóbi, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Bí ẹ bá là á, ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ọ̀rá sì kún inú àwọn ihò náà. Orí ìsàlẹ̀, tó so mọ́ ìgbúnwọ́, kéré, ó sì le koránkorán. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀. Lára ewúrẹ́ àti àgùntàn, orí ìsàlẹ̀ yìí máa ń so pọ̀ mọ́ ọ̀pá egungun ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bí ẹran náà. Orí tòkè kì í so pọ̀ títí di nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ẹran tí wọ́n bá pa ní kékeré, orí apá rẹ̀ tòkè ṣì dá wà, kò tíì di ara egungun tán.

Ajá mọ ibi tí ọ̀rá wà. Á dùbúlẹ̀, á fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì di egungun mú, á wá yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èrìgì tó lágbára jù lè bà á. Orí tòkè ló máa kọ́kọ́ lọ. Á fi eyín ha á, á tún ha á, títí ihò inú rẹ̀ á fi hàn síta, á sì máa lá ọ̀rá tó ń jáde. Bí kò bá sẹ́ni tó lé e, orí yẹn á tán pátápátá, á wá ku ọ̀pá tí etí rẹ̀ rí gánnagànna pẹ̀lú orí ìsàlẹ̀ tí eyín kò ràn.

Ojú egungun tó bá kù á gba àmì. Ibi tí eyín tẹ̀ láìwọlé, kòtò kékeré ló máa wà níbẹ̀. Ibi tí eyín bá wọlé, níbi tí egungun ti rọ̀, ihò gidi ló máa dá. Ibi tí eyín bá yọ̀ lórí ọ̀pá tó le, ilà á fà níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ilà náà á sì dábùú egungun. Ibi tí ajá bá ti fi èrìgì wa ọ̀rá jáde ní orí egungun, ipa rẹ̀ á jìn bíi poro tó wà láàárín ebè méjì. Lewis Binford, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà tó gbé láàárín àwọn ọdẹ Nunamiut ní Alaska, tó sì fara balẹ̀ wo ohun tí ajá wọn ń ṣe sí egungun, ló ṣàlàyé àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1981, àwọn awalẹ̀pìtàn káàkiri ayé sì ń lò ó títí dòní.

Ojú ọ̀bẹ yàtọ̀ sí èyí. Ilà tí ọ̀bẹ bá gé máa ń tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì ṣe ṣóńṣó. Bó bá jẹ́ òkúta mímú ni wọ́n fi gé e, tí ẹ wá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ẹ máa rí ilà wẹ́wẹ́ mìíràn nínú ilà náà. Ti eyín gbòòrò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe roboto, ó sì dán. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ á mọ ìyàtọ̀ wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí wọn kò kọ́ á pe eyín ní ọ̀bẹ, á sì fi ọ̀bẹ tí kò sí pìtàn.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹni tó sì ṣe é kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Raymond Dart, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀yà ara ènìyàn ní Johannesburg, ló kéde lọ́dún 1925 pé agbárí ọmọdé kan tí wọ́n rí ní Taung, ní South Africa, jẹ́ ti ẹ̀dá kan tó ṣáájú ènìyàn. Wọ́n bá a jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì gbà nígbẹ̀yìn pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yíjú sí ihò àpáta Makapansgat, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún egungun ẹran igbó ti dì mọ́ òkúta. Dart kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé orí ìsàlẹ̀ egungun apá àwọn ẹran bí ẹtu àti àgbọ̀nrín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá orí tòkè. Kò rò ó pé ó lè ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Èrò tó gbé jáde lọ́dún 1957 ni pé àwọn ẹ̀dá ìgbàanì yẹn ló ṣa egungun náà jọ fún ìlò: pé egungun apá ni kùmọ̀ wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran ni ayùn àti ọ̀bẹ wọn, ìwo ni wọ́n fi ń gún nǹkan. Ó ní apànìyàn ni wọ́n, pé wọ́n ń pa ẹran, wọ́n sì ń pa ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Òǹkọ̀wé Robert Ardrey fi kọ ìwé kan tó lókìkí gan-an lọ́dún 1961. Nígbà tó di 1968, sinimá “2001: A Space Odyssey” gbé ẹ̀dá onírun kan jáde tó mú egungun nílẹ̀, tó sì fi ṣe kùmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ṣe gbà pé ìpànìyàn ni ìran ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí.

C. K. Brain, onímọ̀ nípa egungun ìgbàanì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Bob, kò jókòó sídìí tábìlì bá Dart jiyàn. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó lọ sí etí odò Kuiseb, nínú aṣálẹ̀ Namib, ní Namibia. Àwọn Khoikhoi tó ń sin ewúrẹ́ ní ìletò wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa ewúrẹ́, wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á fi òkúta fọ́ egungun kí ọwọ́ wọn lè tẹ mùdùnmúdùn, wọ́n á wá sọ ìyókù sílẹ̀ fún ajá. Egungun tó bá kù, oòrùn á sá a títí á fi funfun lórí iyanrìn. Brain ṣa egungun wọ̀nyí, ó kà wọ́n bí Dart ṣe ka tirẹ̀. Orí ìsàlẹ̀ egungun apá pọ̀ rẹpẹtẹ, orí tòkè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Orí ìsàlẹ̀ egungun ojúgun wà, orí tòkè rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà. Ohun tí Dart rí ní Makapansgat ni Brain rí ní Kuiseb, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi apá ewúrẹ́ ṣe kùmọ̀ ní Kuiseb. Èèyàn ló jẹ ẹran, ajá ló jẹ ohun tó rọ̀, ohun tó le ló ṣẹ́ kù.

Ó tún ṣe ju ìyẹn lọ. Agbárí ọmọdé kan nínú irú àwọn ẹ̀dá ìgbàanì yẹn wà láti inú ihò àpáta Swartkrans, ní South Africa, SK 54 ni wọ́n ń pè é, ihò méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Brain gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ ẹkùn kan tí wọ́n rí nínú ihò àpáta kan náà sí i, ọ̀gán méjèèjì sì bọ́ sínú ihò méjèèjì. Ẹkùn ló ti fi ẹnu gbé ọmọ náà lórí, tó wọ́ ọ lọ. Àkọlé ìwé tí Brain gbé jáde lọ́dún 1981 bi wá léèrè bóyá ọdẹ ni àwọn ẹ̀dá yẹn àbí ẹran tí wọ́n ń dọdẹ. Ẹni tí wọ́n ti fi gbogbo ẹnu pè ní apànìyàn, òun gan-an ni ẹranko ń pa jẹ! Mi ò mọ ìtàn mìíràn nínú iṣẹ́ àwa tó ń to egungun tó dùn mí tó báyìí, nítorí pé ohun tí ì bá gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀sùn yẹn látìbẹ̀rẹ̀ kò ju kí ẹnì kan lọ jókòó síbi tí ajá ti ń jẹ egungun.

Kuiseb jìnnà sí wa, aṣálẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ náà nínú igbó pẹ̀lú. Awalẹ̀pìtàn Jean Hudson lọ bá àwọn Aka, àwọn ọdẹ inú igbó ní Central African Republic, ó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1993. Ó mọ ẹran tí wọ́n gbé wọ àgọ́, nítorí náà ó lè fi ohun tó wọlé wé ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ajá ti kọjá níbẹ̀. Púpọ̀ nínú egungun náà ni kò sí nílẹ̀ mọ́. Ajá kan sì tún wà tí gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí mọ orúkọ rẹ̀, Ruby. Sebastian Payne àti Patrick Munson kọ ìròyìn rẹ̀ lọ́dún 1985. Wọ́n fún un ní ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ, wọ́n ṣa ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì ka egungun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó jáde kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wọlé. Èyí tó jáde pàápàá, omi ikùn ti jẹ ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ ń dán, etí rẹ̀ mú ṣáṣá.

Ẹ wá fi èyí wo ààtàn tiwa. Ẹran wo ni wọ́n ń pa jù láwọn agboolé wa? Adìẹ ni. Bí kò bá sí adìẹ, òkété, ọ̀yà àti ẹja ńkọ́? Egungun irú àwọn ẹran kéékèèké báyìí ni ajá máa ń jẹ láìṣẹ́ kù. Màlúù àti ẹṣin ni eyín ajá kì í lè parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí egungun ẹṣin ní Ẹdẹ-Ilé, ìlú tí Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí agbègbè Ọ̀ṣun, ó sì bá ohun tí a ti ń gbọ́ nípa àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ mu wẹ́kú. Iṣẹ́ yẹn wú mi lórí púpọ̀. Ṣùgbọ́n egungun ẹṣin lágbára láti dúró dè wá, egungun adìẹ kò lágbára rẹ̀. Bí a bá fi ohun tó dúró nìkan ṣe ìṣirò, àwọn ọlọ́lá tó ní ẹṣin la máa mọ̀, a ò ní mọ ohun tí aya àgbẹ̀ sè lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ẹran náà tún wà níbẹ̀. Egungun ọmọ ewúrẹ́ rọ̀ láti òkè délẹ̀. Bí ajá bá jẹ wọ́n tán, egungun òbúkọ àti àgbà ewúrẹ́ nìkan la máa bá, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èèyàn yẹn kì í pa ọmọ ẹran, pé ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kó dàgbà. Odidi ìlànà ìsìn ẹran la máa gbé lé orí ohun tí ajá ṣe.

Ẹbọ ló ká mi lára jù. A gbé ẹbọ sí oríta, igún bà lé e lọ́sàn-án, ajá débẹ̀ lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, itan adìẹ ti wà lẹ́yìn ilé ẹlòmíì. Bí a bá wa ẹ̀yìn ilé yẹn lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún, tí a rí i, kí la máa pè é? Ajá tí wọ́n fi bọ Ògún, àmì ọ̀bẹ tó bá wà ní egungun ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀rí pé wọ́n bẹ́ ẹ. Bí ajá mìíràn bá ti gé ọrùn yẹn jẹ, ẹ̀rí náà ti lọ, ó sì lè jọ òkú ajá lásán tí wọ́n jù nù. Àwọn ìbéèrè tó kan ẹ̀sìn wa àti àṣà wa gan-an nìyí. Mi ò fẹ́ kí a fi ìkánjú dáhùn wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Wọ́n á ní ilẹ̀ igbó wa ní ásíìdì, pé ilẹ̀ ló ń jẹ egungun níhìn-ín kí a tó sọ ti ajá. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí egungun fi pọ̀ ní òkìtì Daima ní Borno, níbi tí Graham Connah ti wa ilẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, ju bó ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n egungun tí ajá ti já lórí, tí inú rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, òun ni ásíìdì ilẹ̀ máa tètè rí wọlé. Ẹ sì tún rò ó: egungun tí omi ikùn ajá ti jẹ àti èyí tí ilẹ̀ tàbí gbòǹgbò igi ti jẹ lè jọra lójú ẹni tí kò fara balẹ̀. Bí egungun tó ń bọ́ sí wa lọ́wọ́ bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ ká mọ ìdí tó fi kéré.

Ẹ má gbọ́ ọ bíi pé ajá ni mo ń fẹ̀sùn kàn. Àmì eyín rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí, nígbà míì òun gan-an ni ẹ̀rí tó níye lórí jù nínú kòtò. Ní Denmark, ní àárín ọ̀rúndún 19, Japetus Steenstrup, onímọ̀ nípa ẹranko, ń wo àwọn òkìtì ìkarahun tí àwọn ará ìgbàanì kó jọ sétí òkun. Ó rí i pé ọ̀pá egungun ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí àwọn egungun náà kò sí. Ó so ajá mọ́lẹ̀, ó fún wọn ní egungun, ó sì rí i pé ohun tí ajá jẹ ni ohun tó sọnù nínú òkìtì, ohun tí ajá fi sílẹ̀ ni ohun tó wà níbẹ̀. Ó tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé àwọn èèyàn yẹn sin ajá. Láìpẹ́ yìí, lọ́dún 2019, Lisa Yeomans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa Shubayqa 6, ibùgbé kan ní ìlà oòrùn àríwá Jordan tí àwọn èèyàn gbé ní nǹkan bí 11,500 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ egungun ibẹ̀ ni omi ikùn ti jẹ, àwọn kan sì tóbi ju ohun tí èèyàn lè gbé mì. Wọ́n gbà pé ajá ló gbé wọn mì, àárín àwọn èèyàn náà ló sì ń gbé. Ní àsìkò yẹn kan náà ni egungun ehoro pọ̀ sí i níbẹ̀, wọ́n sì dábàá pé bóyá ajá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi lé ehoro. Àjọṣe èèyàn àti ajá, àti ọ̀nà ọdẹ tuntun, jáde látinú èérún egungun tí ẹlòmíì ì bá gbọ̀n dànù. Àwa tí ọdẹ àti ajá ọdẹ kún inú ìtàn wa, ṣé kò yẹ kí a máa wá irú ẹ̀rí yẹn?

Ajá nìkan kọ́ ló ń jẹ egungun. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò kàn wá tó bẹ́ẹ̀ nílé, àmọ́ àwọn ọmọ wa tó ń gbé London mọ̀ ọ́n dáadáa: òun ló ń fa àpò ìdọ̀tí ya lóru tó sì ń gbé egungun adìẹ sá lọ. Kò tó ajá ńlá lágbára. Ẹnu rẹ̀ kéré, kò lè fọ́ egungun itan màlúù, àmì eyín rẹ̀ sì máa ń kéré, kì í jìn. Ohun tó fi ń da iṣẹ́ rú ni pé ó ń gbé nǹkan: á gbé apá ọmọ àgùntàn tàbí ehoro lọ sínú ihò rẹ̀, á ri òmíràn mọ́lẹ̀ de ìgbà míì, ihò tó sì gbẹ́ á da ilẹ̀ àtijọ́ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ àná. Àmì eyín rẹ̀ àti ti ajá kékeré sún mọ́ra débi pé wíwọ̀n wọn nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ “ajá” sínú ìròyìn nítorí pé ó rí ihò kékeré lára egungun. Nílẹ̀ tiwa, ajáko wà, ìkookò wà, àti òòrẹ̀ tó máa ń kó egungun jọ sínú ihò rẹ̀ tó sì ń fi eyín iwájú fá a. Àmì eyín ti òòrẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa ń fẹ̀, ó sì ń tò tẹ̀léra. Ẹni tó bá ti rí i rí kò ní ṣì í mú fún ti ajá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan ẹ̀yin tó ń kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a pàtẹ. Lọ́dún 1995, Ivan Turk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí egungun itan ọmọ béárì kan nínú ihò àpáta Divje Babe, ní Slovenia, tí ihò roboto wà lára rẹ̀. Wọ́n ní fèrè tí àwọn Neanderthal, ìran ènìyàn ìgbàanì kan, ṣe ni. Àwọn mìíràn, Francesco d'Errico nínú wọn, ní eyín ẹranko ló dá ihò náà lu. Wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fèrè ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Slovenia ń pè é fún gbogbo àlejò. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la, ẹ kọ iyàn náà mọ́ ọn, kí ọmọ ilé ìwé tó bá wá wò ó mọ̀ pé iyàn wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè gan-an nìyí. Kí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá wà láti ààtàn tàbí ojúbọ gba inú asẹ́ olójú kékeré kọjá, nítorí pé egungun adìẹ àti egungun tó ti ikùn ajá jáde á bọ́ lójú asẹ́ ńlá. Kí wọ́n fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ egungun, nítorí búrọ́ọ̀ṣì onírin ń fa ilà tirẹ̀ sí i. Kí wọ́n má sì da èérún ọ̀pá egungun nù. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ní Klasies River, ní South Africa, níbi tí wọ́n ti wa ilẹ̀ lọ́dún 1967 àti 1968, wọ́n tọ́jú àwọn egungun tí wọ́n lè tètè dárúkọ, wọ́n sì da púpọ̀ nínú èérún ọ̀pá nù. Ìjiyàn tó ti ibẹ̀ jáde nípa bóyá àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ ọdẹ tàbí olùjẹ-àjẹkù gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ rántí ohun tí ajá ń ṣe: orí egungun ló ń jẹ, ọ̀pá ló ń fi sílẹ̀. Ara ọ̀pá sì ni àmì ọ̀bẹ àti ojú ibi tí wọ́n ti fọ́ egungun fún mùdùnmúdùn máa ń wà. Ẹni tó bá da ọ̀pá nù ti bá ajá parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká ní egungun àfiwé tiwa. Ohun tí Brain ṣe ní Kuiseb, a lè ṣe é ní Ọ̀yọ́, ní Ẹ̀pẹ́, ní Kàbà, pẹ̀lú ajá tiwa, ewúrẹ́ tiwa, ìkòkò ọbẹ̀ tiwa àti ilẹ̀ tiwa. Kí ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn kọ̀ọ̀kan bá agboolé kan tó gbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ẹran tí wọ́n pa sílẹ̀, kí wọ́n ṣa egungun tó kù lẹ́yìn ajá, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì tún hú u lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Egungun tí a ti sè pẹ́ títí lórí iná ti sọ ọ̀rá nù, kò ní wu ajá tó egungun tútù, èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ ìgbàlódé gé sì ní àmì tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ló lè ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì ní gbọ́n owó gbẹ. Asẹ́, awò, àpò ọ̀rá, ìwé ìkọ̀wé àti sùúrù ló máa gbà. Èmi àti àwọn tó ń to egungun bíi tèmi ṣe tán láti wá kọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán sí wa, a ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa dúró lórí àbá lásán, mo ti kọ ìlà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sínú ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ tún un ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú yín àti lójú agbẹjọ́rò yín:

“Ẹni tó gba ìyọ̀ǹda yìí gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo egungun àti èérún egungun tó bá hú jáde, kó sì sọ nínú ìròyìn rẹ̀ iye tí àmì eyín ẹranko wà lára rẹ̀, iye tí àmì ọ̀bẹ wà lára rẹ̀, iye tí méjèèjì wà lára rẹ̀ àti èwo ló gun orí èkejì, àti iye tó jọ pé ó ti gba inú ikùn ẹranko kọjá.”

Mo bẹ̀ yín, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìyọ̀ǹda tó kàn tí ẹ máa fọwọ́ sí.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń to egungun